Àpá Mẹ́ta Lápá Ìyá Zénabou

Bí mo bá ní kí n bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ẹ ó ti sùn lọ kí n tó dé ibi tó ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ báyìí: mo pa ìyá tó fún mi lọ́mú. N kò yọ ọ̀bẹ sí i, n kò sì fi májèlé sí i lóúnjẹ. Òǹtẹ̀ ìjọba ni mo fi pa á.

Ẹ ní sùúrù kí ẹ tó bú mi. Èébú náà tọ́ sí mi, n kò sì ní sá fún un, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ tán ná.

Amidou ni orúkọ mi, ọmọ Manigri. Ọjọ́ tí ìyá mi bí mi ló kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Zénabou, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Zénabou, ń fún ọmọ tirẹ̀, Rafiou, lọ́mú lọ́wọ́ nígbà náà, ó bá gbé èmi náà mọ́ àyà. Báyìí ni èmi àti Rafiou ṣe mu ọmú kan náà dàgbà. Nígbà tó yá, Rafiou gba oko iṣu lọ. Èmi ka ìwé díẹ̀, mo sì rí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Bassila, láyé àwọn Faransé, nígbà tí orúkọ ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa sín gbẹ́rẹ́ òyìnbó fún àwọn ènìyàn kí ilẹ̀ gbígbóná má baà mú wọn. Ẹ mọ àrùn tí mò ń wí, èyí tí í bo ènìyàn lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí àwọn àgbà wa kì í fẹ́ dárúkọ nígbà tí oòrùn bá mú.

Ọ̀gá mi ni Músé Yessoufou, ọmọ Alédjo; Músé ni a máa ń pe ọ̀gá láyé Faransé. Kì í rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sì máa ń fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó fi kan aláìsàn. Èmi, ṣòkòtò kakí mi ni mo máa ń fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tó jẹ mí lógún ni kí àwọn ọmọge máa pè mí ní Dókítà.

Ní ọdún 1952, Ìyá Zénabou ní òun ń lọ sí Mẹ́kà.

Láyé ìgbà náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lówó ọkọ̀ ló ń lọ. Abẹ́ Faransé ni àwa wà, abẹ́ ọba àwọn Lárúbáwá ni Mẹ́kà wà, aginjù àti òkun sì wà láàárín. Àwọn ìjọba méjèèjì ti bá ara wọn ṣàdéhùn: ẹni tó bá ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà, ó sì gbọ́dọ̀ ní kátì tó fi hàn pé wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ fún un, pé gbẹ́rẹ́ náà sì jẹ. Bí òǹtẹ̀ bá ti wà lórí kátì, àwọn ará ọ̀hún á gbà á gbọ́.

Músé Yessoufou kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sinmi.

"Amidou," á ní, "òǹtẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi, kì í ṣe tìẹ. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, Dahomey ló búra fún ará ìlú míì yẹn."

Mo máa ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Músé." Ojú mi á sì wà lójú fèrèsé.

Àyè méjì péré ló kan agbègbè wa lọ́dún náà. Ìyá Zénabou gba ọ̀kan, Rafiou gba èkejì, nítorí obìnrin kì í dá irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ọkùnrin ilé rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá fi ta iṣu àti èlùbọ́ nítorí rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọn ì bá jọ lọ, ọkọ sì ti kú.

"Amidou," ó sọ fún mi, "ẹsẹ̀ ń dùn mí, ojú mi ti ń ṣú. Bí n kò bá lọ lọ́dún yìí, ó di ọ̀run."

Ó ku bí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí kamíọ̀n, ọkọ̀ akẹ́rù tó máa kó wọn lọ sí Cotonou, dé. Músé Yessoufou rán mi lọ sí Djougou pé kí n lọ gba omi gbẹ́rẹ́ wá.

Omi gbẹ́rẹ́ kò fẹ́ ooru rárá. Inú àwọn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń wà, a ó kó wọn sínú ìkòkò kékeré, a ó fi aṣọ tútù wé ìkòkò náà, a ó sì máa bu omi sí aṣọ ọ̀hún ní gbogbo ọ̀nà. Kamíọ̀n á gbé mi láti Djougou ní ìdájí, á já mi sílẹ̀ ní Pénéssoulou. Láti ibẹ̀ ni n ó ti gun kẹ̀kẹ́ dé Bassila kí oòrùn tó le.

"Má dúró," Músé Yessoufou kìlọ̀ fún mi. "Bí o bá rí ìyá rẹ lójú ọ̀nà, kí i, kí o sì máa gun kẹ̀kẹ́ rẹ lọ."

N kò rí ìyá mi lójú ọ̀nà. Djamilatou ni mo rí.

Ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ ní Pénéssoulou ló dúró sí, ó ń gbálẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń fi ojú wá ọmọ yìí.

"Háà, Dókítà! Ẹ fẹ́ kọjá lọ láìmu omi?"

"Iṣẹ́ ìjọba ni mo gbé dání."

"Ìjọba kò lẹ́nu tó máa fi jẹ wàsáwàsá. Ẹ̀yin lẹ ní."

Wàsáwàsá! Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n: èlùbọ́ iṣu tí wọ́n rọra fi ooru sè, tí wọ́n da òróró àti ata sí lórí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí òróró bá ń ta sánsán sí i nímú, tí ọmọge sì ń rẹ́rìn-ín sí i?

Mo bu omi sí aṣọ ìkòkò. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti ara ògiri níbi tí òjìji wà. Mo ní àwo kan péré ni n ó jẹ.

Mo jẹ àwo kan, mo jẹ èkejì. Djamilatou ní kí n sọ bí òkun ṣe rí fún òun. Èmi tí n kò dé Parakou rí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn òkun. Mo sọ bí ó ṣe ń bú, mo sọ bí mo ṣe gun ọkọ̀ ojú omi, ọmọ náà sì ń pàtẹ́wọ́. Mo gbádùn ara mi, n kò ní parọ́ fún yín.

Òjìji kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo jáde síta, oòrùn ti gba gbogbo ara ògiri náà. Aṣọ ti gbẹ. Mo fọwọ́ kan ìkòkò, mo sì yára fa ọwọ́ kúrò, àfi bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò lórí ààrò.

Kí n tó wọ Bassila, mo dúró létí odò kan, mo rẹ aṣọ náà dáadáa.

"O dúró níbìkan?" Músé Yessoufou bi mí.

"Rárá o, Músé. Táyà ló jò."

Ó wo aṣọ tútù náà, ó wò mí lójú, ó ní ó dáa.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ òtítọ́. Oṣù tó ṣáájú ni mo fọ́ ìgò méjì, tí Músé Yessoufou sì sọ fún mi pé bí mo bá tún ba ọ̀kan jẹ́, kí n padà sídìí ebè iṣu. Mo tún ń tan ara mi pé bóyá omi náà kò tíì bàjẹ́, bóyá ìkòkò nìkan ló gbóná.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí kamíọ̀n dé, mo gbé àpótí mi lọ sí Manigri. Ìyá Zénabou ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní Bísímílà, mo sì fi abẹ́rẹ́ ha á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ọwọ́ rẹ tutù, ọmọ mi," ó ní. "Ọlọ́run ló fún ọ níṣẹ́ yìí."

Mo sín ti Rafiou náà.

Gbẹ́rẹ́ tó bá jẹ máa ń wú, á sọ omi, á so èépá, á wá fi àpá sílẹ̀ títí ayé. Ọjọ́ kẹjọ ni a máa ń padà lọ wò ó. Bí kò bá jẹ, a kò gbọ́dọ̀ fún ẹni náà ní kátì; a gbọ́dọ̀ sín òmíràn, kí a sì tún retí ọjọ́ mẹ́jọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, mo ká aṣọ Ìyá sókè. Apá rẹ̀ mọ́ bí apá ọmọ àná. Mo wo ti Rafiou, nǹkan kan kò sí níbẹ̀.

Ìyá wo ojú mi. "Kí ló dé tí kò wú? Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ló burú ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Kí ni mo ṣe? Ṣé Ọlọ́run kò fẹ́ rí mi nílé rẹ̀ ni?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin tí n kò rí kó sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n ń sin ọkọ rẹ̀, nítorí apá tí kò wú ló ṣe ń sunkún.

Níbẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ ọ́. "Ìyá, ẹ̀jẹ̀ yín kò burú. Èmi ni mo jókòó jẹun lọ́nà." Ọ̀rọ̀ tí kò pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méje péré ló kù kí kamíọ̀n dé. Bí mo bá sọ ọ́, Ìyá kò ní lè lọ lọ́dún náà, èmi náà kò sì ní níṣẹ́ mọ́. Mo pa àánú rẹ̀ àti ẹ̀rù tó ń bà mí pọ̀, mo sì pe àpapọ̀ wọn ní ìfẹ́.

Igi kajú mẹ́ta wà lẹ́yìn ilé Rafiou. Kò sí ọmọ Manigri tí kò mọ̀ pé a kì í fi eyín fọ́ èèpo kajú tútù. Epo inú rẹ̀ a máa bó ènìyàn lára, ojú ibẹ̀ á sọ omi, á dúdú, á sì fi àpá sílẹ̀. Èyí tó bó mi nítan nígbà tí mo wà lọ́mọdé wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Mo já kajú méjì, mo fi òkúta fọ́ èèpo wọn, mo ro epo náà sínú ìgò òfìfo kan. Nígbà tí mo wọlé padà, mo ti múra irọ́ tí n ó pa sílẹ̀.

"Ìyá, oògùn kan tún wà. Ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó máa ta yín díẹ̀."

"Kí ó ta mí, ọmọ mi. Kí ó ṣáà ti jẹ."

Mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan epo náà sí i lápá níbi mẹ́ta. Ó di eyín mọ́ra.

Ó kan Rafiou. Ó wo àwọ̀ ohun tó wà nínú ìgò náà.

"Amidou, oògùn rẹ yìí mà jọ epo kajú."

Mo rẹ́rìn-ín. "Àgbẹ̀ ni ẹ́. Gbogbo nǹkan ló jọ kajú lójú rẹ."

Òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì na apá rẹ̀ sí mi. Ọmọ ìyá mi ni, kí ló máa fura sí?

Lọ́jọ́ kẹta, ojú ibẹ̀ ti sọ omi. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ti so èépá dúdú, Ìyá sì ń fi han gbogbo ará àdúgbò. "Ẹ wò ó, ó jẹ! Amidou mi ló ṣe é."

Ó ku òǹtẹ̀. Músé Yessoufou máa ń fi ojú ara rẹ̀ wo apá kó tó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù èyí sì ti ń bà mí. Àmọ́ ọjọ́ tó yẹ kó lọ sí Manigri, wọ́n gbé aboyún kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ wá. Títí di ọ̀sán ni ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí obìnrin náà.

"Músé, ti àwọn ará Manigri méjì yẹn ti jẹ," mo sọ fún un láti ẹnu ọ̀nà. "Mo ti wò wọ́n."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ojú mi ló rí i."

Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ka sí tábìlì, nítorí ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Mú kọ́kọ́rọ́ dúrọ́wà. Lọ tẹ̀ ẹ́. Mo gbà ọ́ gbọ́."

Ọdún kẹrin tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́ nìyẹn, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òǹtẹ̀ náà rí. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí kátì méjèèjì, ó sì mọ́ rekete.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà gbọ́dọ̀ wọ ilé dé ilé, kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ti ṣẹ̀. Ìyá Zénabou fi ọjọ́ mẹ́ta rìn ín. Ọ̀dọ̀ mi ló ti parí rẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí kamíọ̀n dé. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, arúgbó náà ti kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ìyá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!"

"Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọwọ́, bí ebi bá ń pa ẹ̀yin méjèèjì pọ̀, Rafiou ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé. Ìwọ á máa ké. Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi. Dárí jì mí, Amidou."

Ẹ̀yin ènìyàn, mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò kakí mi. Awakọ̀ ń fọn fèrè kamíọ̀n. Rafiou ti wà lókè, ó ń fi ọwọ́ pè é.

"Mo dárí jì yín, Ìyá," ni mo sọ.

Ó gbá mi mọ́ra, ó sì lọ.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Mo ti ń lọ sí Pénéssoulou lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bàbá Djamilatou sì ti gba orógbó lọ́wọ́ mi. Mo ti ń sọ fún ara mi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ogún ọdún.

Kòmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, fúnra rẹ̀ ló wá sí Bassila pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ àti ògbufọ̀. Ó ní lẹ́tà kan lọ́wọ́, èyí tí aṣojú ìjọba Faransé ní Jidá, èbúté tí wọ́n ń gbà lọ sí Mẹ́kà, kọ wá sí Cotonou. Ó kà á sí Músé Yessoufou létí. Èmi ń nu abẹ́rẹ́ ní igun yàrá.

Lẹ́tà náà ní àwọn ará Dahomey méjì dé Jidá pẹ̀lú kátì tó ní òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ibẹ̀ rí i pé àpá iná ló wà lápá wọn, kì í ṣe àpá gbẹ́rẹ́. Ó ní àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ti bi aṣojú náà pé kí ni ìwúlò òǹtẹ̀ Faransé, àti pé láti ọdún tó ń bọ̀, gbogbo ẹni tó bá ti ilẹ̀ wa wá ni wọ́n máa dá dúró ní etí òkun. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti wà pé ilẹ̀ gbígbóná ti pa ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, obìnrin àgbàlagbà kan tí ń jẹ́ Zénabou.

Báyìí ni mo ṣe gbọ́ ikú ìyá mi, láti ẹnu òyìnbó, lórí ìlà tó kẹ́yìn.

"Òǹtẹ̀ ta nìyí?" Kòmáńdà bi í.

"Òǹtẹ̀ mi ni," Músé Yessoufou dáhùn.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

Músé Yessoufou yíjú sí mi. Kò ka ẹ̀sùn sí mi lọ́rùn, ó kàn ń wò mí. Mo mọ̀ pé ó ń fún mi láyè kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo wo ilẹ̀.

Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ni olórí níbí. Èmi ni kí ẹ mú."

Wọ́n mú un. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n kó o fún? Èmi náà ni. Wọ́n ní kí n máa bójú tó ilé ìwòsàn títí wọn yóò fi rán ẹlòmíràn wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó lórí àga rẹ̀. Djamilatou wá kí mi, ó ní, "Ẹ ti wá di dókítà gidi báyìí." Ọjọ́ kan kò kọjá tí n kò sọ pé lọ́la ni n ó sọ òtítọ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Rafiou dé.

Mo kọ́kọ́ rò pé àlejò ni. Ojú rẹ̀ ti kún fún ihò wẹẹrẹ wẹẹrẹ, ojú òsì sì ti funfun, kò fi ríran mọ́. Àwọn ọlọ́pàá ló mú un wá sí bíró, ọ́fíìsì Kòmáńdà, kó wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ Músé Yessoufou. Wọ́n pe èmi náà kí n kó ìwé wá. Kòmáńdà jókòó, Músé Yessoufou dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láìsí bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ṣé ọkùnrin yìí ló sín gbẹ́rẹ́ fún ọ?" Kòmáńdà bi í, ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀.

"Rárá. Ẹ fi bàbá aláìṣẹ̀ yìí sílẹ̀."

"Ta ni, nígbà náà?"

Rafiou ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó rìn wá síwájú mi, ó sì na apá náà sí mi gẹ́gẹ́ bó ṣe nà án lọ́jọ́ yẹn ní Manigri.

"Amidou, sọ fún wọn. Kí ló wà nínú ìgò rẹ?"

Mo kó àwọn kọ́kọ́rọ́ lé orí tábìlì Kòmáńdà.

"Sọ ọ́! Mo bi ọ́ létí ìyá wa, o fi mí ṣẹ̀sín. Sọ ọ́ níbí."

"Kajú," mo ní. "Epo kajú ni."

Lẹ́yìn náà ni mo sọ gbogbo rẹ̀: Pénéssoulou, wàsáwàsá, aṣọ tí mo rẹ sínú odò, òǹtẹ̀. Músé Yessoufou di ojú rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ohun kan ṣoṣo ló sọ.

"Ǹ bá kàn bú ọ ni, Amidou. Ǹ bá bú ọ, kí n gun kẹ̀kẹ́ lọ mú omi gbẹ́rẹ́ òmíràn, kí n sì bẹ Kòmáńdà kí kamíọ̀n dúró."

N kò ronú kan èyí rí. Ọlọ́run ló gbọ́, n kò ronú kàn án pé ẹnìkan lè bẹ kamíọ̀n kó dúró.

Wọ́n so mí lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo lò lẹ́wọ̀n lẹ́yìn èyí, mo fọ́ òkúta títí èékánná mi fi tú. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n náà ni mo tìtorí rẹ̀ sọ ìtàn yìí. Ohun tí Rafiou sọ fún mi kí wọ́n tó mú mi jáde ni.

Èmi ni mo bi í. Mo ní, "Rafiou, ṣé Ìyá mọ̀?"

Ohùn rẹ̀ kò le mọ́.

"Ọkùnrin kan nínú àwa tí a jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ni ilẹ̀ gbígbóná kọ́kọ́ dá dùbúlẹ̀ ní Jidá. Wọ́n wo apá gbogbo ènìyàn. Àwọn tí gbẹ́rẹ́ wọn jẹ, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sí Mẹ́kà. Àwa méjì ni wọ́n ní irọ́ ni àpá wa, wọ́n tì wá mọ́ ilé páànù kan létí òkun pẹ̀lú àwọn tí ara wọn kò yá. Ìyá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ka àwọn kamíọ̀n tó ń kó ènìyàn lọ sí Mẹ́kà. Ó ní, 'Rafiou, ó yẹ kí tiwa kàn lọ́la.'

"Nígbà tí àrùn náà mú wa, ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dí. Kò ríran mọ́. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń bi mí pé, 'Ṣé a ti dé?' Mo ní a kò tíì dé. Á tún bi mí. Amidou, n kò parọ́ fún ìyá mi rí láti ọjọ́ tó ti bí mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. A ti dé. Mẹ́kà nìyí.'

"Ó ní kí n gbé òun dìde. Mo gbé e. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan ara páànù ilé náà, ó rò pé ara ilé Ọlọ́run ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àdúrà kì í padà lófo níbẹ̀. Ṣé o fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ gbàdúrà fún?"

N kò fẹ́ mọ̀. Mo ti mọ̀.

"Ó ní, 'Ọlọ́run, bùkún ọwọ́ Amidou tó mú mi dé ibí.'"

Rafiou fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Ó lọ tú bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó gbé e síwájú Músé Yessoufou, ó sì jáde lẹ́sẹ̀ òfìfo.

Ẹ̀yin tí wọ́n fi òǹtẹ̀ tàbí kọ́kọ́rọ́ sí níkàáwọ́, n kò ní ìmọ̀ràn púpọ̀ fún yín. Bí ìkòkò yín bá gbóná, ẹ tètè sọ. Wọn á bú yín, ilẹ̀ á sì mọ́. Ní tèmi, mo ti darúgbó báyìí, kò sì sí ẹni tó ń bú mi mọ́. Ìyá mi gbàdúrà fún ọwọ́ mi, mo sì ń jí lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọwọ́ náà.